Ọ̀rọ̀-Ìṣe Gẹ̀ẹ́sì Tí Ń Ṣe Iṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Mìíràn

Láti inú ìkòkò ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí. Omi tí ń hó lórí iná ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “boiling water”. Omi tí ó ti hó tán, bí ó tilẹ̀ ti tutù pátápátá, ni “boiled water”. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, “boil”, ni ó wà nínú méjèèjì. Ìparí rẹ̀ nìkan ni ó yàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìwé oògùn bá ní kí ìyá fi èkejì po oògùn fún ọmọ tí ń yàgbẹ́ gbuuru, tí ìyá sì mú èkíní, ẹnu ọmọ ni yóò bó.

Ìdí tí àwa Yorùbá fi ń ṣi ọ̀kan mú fún èkejì kò jìnnà. Nínú èdè wa, a máa ń sọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe di méjì: láti ara “sè” ni a ti rí “sísè”, láti ara “yan” ni a ti rí “yíyan”. Bí a bá wí pé, “Sísè iṣu kò le,” orúkọ iṣẹ́ ni “sísè” níbẹ̀. Bí a bá wí pé, “Mo jẹ iṣu sísè,” ó ń sọ irú iṣu tí a jẹ. Ọ̀rọ̀ kan ni, iṣẹ́ méjì ni. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà bẹ́ẹ̀: ó fi “boiling” fún ti àkọ́kọ́, ó fi “boiled” fún ti èkejì. Nítorí náà ni ọmọ ilé-ìwé wa fi ń kọ ọ́ pé, “I ate boiling yam,” tí olùkọ́ a sì béèrè bí ahọ́n rẹ̀ ti ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú èyí tí ó di ọ̀rọ̀-orúkọ. Àwọn onígírámà ń pè é ní “gerund”. “Weeding is hard work”: oko ríro, iṣẹ́ líle ni. Èyí kò ṣòro fún wa, nítorí lójoojúmọ́ ni àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, yálà pẹ̀lú sísọ-di-méjì tàbí pẹ̀lú “ì” níwájú ọ̀rọ̀: ìfẹ́ ti inú “fẹ́” wá, ìgbàgbọ́ ti inú “gbà” àti “gbọ́” wá.

Ohun tí ń rú ni lójú ni pé “-ing” yìí kan náà tún ń ṣe ọ̀rọ̀-àpèjúwe. “A crying child” ni ọmọ tí ń sunkún. Ǹjẹ́ “drinking water” ha jẹ́ omi tí ń mu nǹkan bí? Rárá o, omi mímu ni, omi tí ó wà fún mímu. Bẹ́ẹ̀ ni “planting season” kì í ṣe àkókò tí ń gbin nǹkan. Ẹ fi “tí ń” dán an wò: bí ó bá gbà á, “participle” ni, bí ó bá kọ̀ ọ́, tí ó gba “fún”, “gerund” ni. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ọ̀tọ̀ ni ìparí méjèèjì lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì: “-ung” tàbí “-ing” ni ti ọ̀rọ̀-orúkọ, “-ende” sì ni ti ọ̀rọ̀-àpèjúwe. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n da méjèèjì pọ̀, wọ́n sì fi ìdààmú náà sílẹ̀ fún àwa tí a ń kọ́ ọ.

Ti “-ed” ni ó kan àgbẹ̀ jù. “The farmer treated the seed”: ọ̀rọ̀-ìṣe gidi ni “treated” níbẹ̀, ó ń sọ ohun tí àgbẹ̀ ṣe. “Treated seed”: ó ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó ti di ọ̀rọ̀-àpèjúwe. Irú irúgbìn wo wá ni? Ọ̀pọ̀ wa mọ “treat” gẹ́gẹ́ bí ohun tí dókítà ń ṣe fún aláìsàn. Nítorí náà ẹni tí ó bá kà á lára àpò lè rò pé irúgbìn tí a tọ́jú dáadáa ni, tí ó yẹ fún ìkòkò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irúgbìn tí a ti fi oògùn pa lára ni, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, kí ó má sì bu. Gbígbìn nìkan ni ó wà fún.

Ní òpin ọdún 1971, a pín àlìkámà àti ọkà báálì fún àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Iraq láti gbìn. Oògùn tí ó ní mẹ́kúrì nínú ni a fi pa á lára, a sì pa á láró pupa fún ìkìlọ̀. Ìkìlọ̀ ara àpò wà ní èdè Sípéènì àti Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ èdè Lárúbáwá ni àwọn ènìyàn náà ń sọ. Ọ̀pọ̀ ilé lọ̀ ọ́, wọ́n fi ṣe búrẹ́dì. Àwọn mìíràn fọ aró náà kúrò, wọ́n rò pé májèlé ti bá a lọ. Ènìyàn 6,530 ni a gbà sí ilé ìwòsàn, 459 nínú wọn sì kú níbẹ̀. Èdè tí a kò gbọ́ ni ó pa wọ́n lára. Àwa tí a gbọ́ ọ díẹ̀ kò gbọdọ̀ kà á ní ìdajì.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ irú èyí ni ó ní “-ed” lára. “Broken” ti inú “break” wá, “ground” ti inú “grind” wá. Ẹni tí ó bá rí “ground pepper” lára agolo, kí ó má ṣe rò pé abẹ́ ilẹ̀ ni a ti wa ata náà; ata lílọ̀ ni.

Ó ku “to”, èyí tí à ń pè ní “infinitive”, tí ó sábà ń bá “láti” wa dọ́gba: “seed to plant”, irúgbìn tí a ó gbìn. Ṣùgbọ́n ewu wà níbẹ̀. “He stopped to take the medicine”: ó fi ohun tí ó ń ṣe sílẹ̀ kí ó lè lo oògùn. “He stopped taking the medicine”: ó dáwọ́ oògùn lílò dúró. Fún ẹni tí ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí a sábà ń lò fún oṣù 6, ọ̀nà kan ń lọ sí ìlera, èkejì ń padà sínú àìsàn.

Ní báyìí, kí olùkàwé mú “spray”, èyíinì ni fífín oògùn sí oko, kí ó sì sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí: “Spraying begins at dawn.” “Keep goats away from sprayed leaves.” “Wash the spraying machine.” “It is too windy to spray.” Ẹ̀kẹta ni kí ó fi “tí ń” àti “fún” dán wò kí ó tó dáhùn.