Kọ̀ǹpútà Ẹgbẹ́: Ṣé Ká Gbé Windows Tuntun Wọlé, Àbí Ká Dúró?

 

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí dá lé orí ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń wò bí ọ̀rọ̀ akọ̀wé nìkan. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ akọ̀wé nìkan rárá. Owó tí ìyá aláṣọ fi pamọ́, ẹ̀yáwó tí onírẹsì gbà, orúkọ àwọn onígbọ̀wọ́ tó fọwọ́ sí i fún un, gbogbo rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti kó kúrò nínú ìwé lẹ́jà sínú kọ̀ǹpútà. Bí kọ̀ǹpútà náà bá yọnu lọ́jọ́ kan, ta ni yóò sọ iye tí oníkálùkù ní?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nìyí. Windows 10 ló wà nínú kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft tó ṣe é dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró. Ṣé ká bọ́ sórí Windows 11 ni, àbí ká máa lo èyí tí a ní lọ? Àwọn kan ń sọ pé, "Ṣebí ó ṣì ń tàn, ó ṣì ń tẹ̀wé, kí la tún ń wá?" Àwọn mìíràn ní, "Tuntun ló dáa, ẹ jẹ́ ká tètè rà á." Àwọn méjèèjì lè ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́sẹẹsẹ.

KÍ NI WINDOWS Ń ṢE NÍNÚ KỌ̀ǸPÚTÀ?

Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, irin àti wáyà lásán ni. Ètò kan ló ń darí rẹ̀. Òun ló ń gba ohun tí akọ̀wé tẹ̀, tó ń tọ́jú rẹ̀ síbi tó yẹ, tó ń rán iṣẹ́ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tó sì ń dá ẹni tó lè wọlé mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí kò gbọdọ̀ wọlé. Ètò adarí ni a ó máa pè é nínú ẹ̀kọ́ yìí. Windows ni èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì.

Ẹ fi ètò adarí wé olórí ọjà. Olórí ọjà lè má ta aṣọ, ó lè má ta ata, ṣùgbọ́n òun ló ń sọ ibi tí oníkálùkù yóò pàtẹ sí, òun náà ló ń rí sí i pé ọdẹ wà lóru. Ètò ìṣirò tí akọ̀wé ń lò, bíi Excel, ni ẹni tó pàtẹ. Bí a bá pààrọ̀ olórí ọjà, ó lè ṣẹlẹ̀ pé ẹlòmíràn nínú àwọn tó pàtẹ kò ní rí àyè mọ́. Bí a kò bá sì pààrọ̀ rẹ̀, tí kò sì sí owó ọdẹ mọ́ ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà.

KÍ NI "ÌTỌ́JÚ TI DÓPIN" TÚMỌ̀ SÍ?

Windows 10 jáde ní oṣù Keje ọdún 2015. Láti ìgbà náà, Microsoft ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdí ni pé kò sí ètò tí kò ní ihò kékeré níbì kan, àwọn olè a sì máa wá ihò náà kiri. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Àtúnṣe oṣooṣù yìí ni símẹ́ńtì tí wọ́n fi ń dí ògiri.

Bí ìtọ́jú bá dópin, kọ̀ǹpútà kò ní kú. Ẹ tẹ bọ́tìnì, yóò tàn. Èyí ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ohun tó dúró ni símẹ́ńtì. Ihò tuntun tí wọ́n bá rí lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tí yóò dí i fún ẹni tí kò bá san owó àfikún. Ọ̀rọ̀ sì tún kù: nígbà tí Microsoft bá dí ihò kan lára Windows 11, àwọn olè a yẹ àtúnṣe náà wò, wọn a sì máa wá irú ihò kan náà lára Windows 10, nítorí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n.

Èyí kì í ṣe àkọ́kọ́. Ìtọ́jú Windows XP parí ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2014, ti Windows 7 sì parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020. Ọjọ́ Windows 11 náà ń bọ̀. Ìgbà kò lọ bí òréré. Ẹgbẹ́ tó bá ní kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ máa fi owó ìpààrọ̀ pamọ́ díẹ̀díẹ̀, bí a ti ń fi owó àtúnṣe òrùlé pamọ́.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ ỌDÚN 2017

Ẹnì kan lè ní, "Ẹ̀rù lásán lẹ ń dá bà wá." Ó dáa. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry bẹ́ sílẹ̀. Ó ń ti gbogbo ìwé tó wà nínú kọ̀ǹpútà pa, a sì máa bèèrè dọ́là 300 kó tó ṣí i. Orílẹ̀-èdè tó lé ní 150 ló jà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kéré tán, àjọ ilé ìwòsàn ìjọba 81 nínú 236 ló fara gbá a. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ìpàdé aláìsàn pẹ̀lú dókítà tó lé ní 19,000 ló bà jẹ́.

Kí ló fà á? Microsoft ti fi símẹ́ńtì ihò náà ránṣẹ́ ní oṣù Kẹta ọdún yẹn, ìyẹn bí oṣù méjì ṣáájú. Windows 7 ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kọ̀ǹpútà tó kàgbákò, ìtọ́jú rẹ̀ kò sì tíì dópin nígbà náà. Àwọn tó ni ín ni kò gba àtúnṣe náà wọlé.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Ìkíní, ètò tí kò ní ìtọ́jú mọ́ léwu. Ìkejì, ètò tó ní ìtọ́jú, tí akọ̀wé ń dá dúró lójoojúmọ́ nítorí kí dátà má baà tán, òun náà léwu. Ẹni tó ra Windows 11 lónìí, tó wá ti ilẹ̀kùn mọ́ àtúnṣe, owó rẹ̀ ló fi ṣòfò. Ìdí nìyí tí ayédèrú Windows kò fi yẹ ẹgbẹ́: nígbà míì, ẹni tó bá wa gbé e sí i a ti pa àtúnṣe rẹ̀ kí àṣírí má baà tú.

ÌBÉÈRÈ MÁRÙN-ÚN KÍ A TÓ PINNU

Ìkíní: Èwo la ní? Kí akọ̀wé di bọ́tìnì tó ní àmì Windows mú, kó tẹ R, kó kọ winver, kó sì tẹ Enter. Orúkọ àti nọ́ńbà yóò yọ. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀.

Ìkejì: Ṣé kọ̀ǹpútà wa lè gbé Windows 11? Ó ń fẹ́ RAM 4GB ó kéré tán, àyè ìpamọ́ 64GB, àti ohun kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, èyí tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àṣírí. Ó tún ń fẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí kò pẹ́ púpọ̀. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2018 kò sí nínú àwọn tó gbà. Microsoft ní ètò ọ̀fẹ́ kan, PC Health Check, tí yóò sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí a rà kò ní yege. Oníṣẹ́ kan lè ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀, mo mọ ọgbọ́n tí mo máa dá sí i." Ẹ ṣọ́ra o. Microsoft ti sọ pé kọ̀ǹpútà tí kò yege kò ní ẹ̀tọ́ sí àtúnṣe. Bí símẹ́ńtì kò bá dájú, kí la wá torí ẹ̀ pààrọ̀?

Ìkẹta: Ṣé ètò ìṣirò wa àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa yóò bá a ṣiṣẹ́? Ẹ bi ẹni tó tà á fún yín, kí ó sì fi ìwé dáhùn. Ẹ má gba "kò séwu" lẹ́nu lásán.

Ìkẹrin: Èló ni gbogbo rẹ̀? Bí Windows 10 yín bá jẹ́ ojúlówó, tí kọ̀ǹpútà sì yege, Windows 11 fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n owó dátà wà níbẹ̀, owó oníṣẹ́ wà, ọjọ́ tí akọ̀wé yóò fi kọ́ ọ wà, iṣẹ́ tí kò ní ṣeé ṣe lọ́jọ́ náà wà. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ẹ tó sọ pé ọ̀fẹ́ ni.

Ìkarùn-ún: Iṣẹ́ wo ni kọ̀ǹpútà náà ń ṣe? Èyí tí akọ̀wé fi ń wọ báńkì, tó fi ń gba lẹ́tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò gbọdọ̀ wà láìní ìtọ́jú. Èyí tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá, tí a fi ń tẹ káàdì ìpàdé, lè dúró díẹ̀ sí i, bí a kò bá ń ti fláàṣì oníkálùkù bọ̀ ọ́.

Ọ̀NÀ MẸ́RIN TÓ WÀ NÍLẸ̀

Ọ̀nà kìíní ni pé kí a gbé Windows 11 sórí kọ̀ǹpútà tí a ní, bó bá yege. Èyí ló rọrùn jù. Bí ohun kan bá daru, ààyè wà láti padà sí ti àtijọ́ láàárín ọjọ́ 10.

Ọ̀nà kejì ni pé kí a ra ìtọ́jú àfikún. Nígbà tí Microsoft ń dáwọ́ dúró ní 2025, ó fún kọ̀ǹpútà ilé ní ọdún kan sí i, títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́. Iye tó fi lélẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ ni dọ́là 61 lórí kọ̀ǹpútà kan fún ọdún kìíní, 122 fún ọdún kejì, 244 fún ọdún kẹta. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ dọ́là 427. Ẹni tó bá wọlé ní ọdún kejì yóò san ti ọdún kìíní pẹ̀lú. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín: ṣé a fẹ́ ná iyẹn lórí ògbólógbòó, àbí ká fi kún owó tuntun? Àfikún yìí dára fún ẹni tó kàn ń wá àyè mí.

Ọ̀nà kẹta ni pé kí a ra kọ̀ǹpútà mìíràn tó yege. Kò pọn dandan kó jẹ́ tuntun nínú páálí. Tòkunbọ̀ tó yege dára, ṣùgbọ́n kí ẹ ṣe àyẹ̀wò PC Health Check níwájú ẹni tó ń tà á, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ọ̀nà kẹrin ni pé kí a lo ètò adarí ọ̀fẹ́ bíi Ubuntu tàbí Linux Mint. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí Windows 11 kọ̀. Ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ti Ubuntu 24.04 dé ọdún 2029. LibreOffice tó wà nínú rẹ̀ lè ṣí ìwé Excel. A tilẹ̀ lè dán an wò láti orí fláàṣì láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Àbùkù rẹ̀ ni pé ètò ìṣirò tí wọ́n ṣe fún Windows nìkan lè má ṣiṣẹ́ níbẹ̀, akọ̀wé yóò sì ní láti tún ọwọ́ kọ́.

KÍ Ẹ TÓ FỌWỌ́ KAN OHUNKÓHUN

Ọ̀nà yòówù kí ẹ yàn, ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé ẹgbẹ́ ná. Ẹ̀dà kan lórí hard disk ti ìta, ọ̀kan sí ibòmíràn tó jìnnà sí ọ́fíìsì, kí ẹ sì tẹ àkọsílẹ̀ owó olúkúlùkù sórí ìwé. Ẹ ṣí ẹ̀dà náà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn kí ẹ rí i pé ó ṣí. Ẹ̀dà tí a kò tíì ṣí wò, ìrètí lásán ni. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ hard disk náà kúrò lára kọ̀ǹpútà, nítorí kòkòrò bíi WannaCry lè ti ìwé tó wà lórí rẹ̀ náà pa bó bá bá a níbẹ̀.

Ẹ má ṣe é ní ìparí oṣù, ẹ má ṣe é nígbà tí a ń pín èrè. Bí kọ̀ǹpútà bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ fi ọ̀kan ṣe ìdánwò ná. Kí ìpinnu náà jẹ́ ti ìgbìmọ̀, kí ó wà nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, ọdún 2023, fi dandan lé e pé ẹni tó kó ọ̀rọ̀ ara ẹni àwọn ènìyàn jọ gbọ́dọ̀ ṣètò ààbò tó yẹ fún un. A kò lè fi akọ̀wé nìkan rù ú.

Ohun tí a fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ sílé nìyí: ẹ má bèèrè pé ṣé tuntun ni, ẹ bèèrè pé ta ló ń ṣọ́ ọ. Bí a kò bá rí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, kí a kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí a kó ẹrù jáde ná. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Ètò adarí wo ló wà nínú kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ wa, ìgbà wo ló sì gba àtúnṣe kẹ́yìn?
2. Bí kọ̀ǹpútà náà bá ti ìwé wa pa lọ́la, níbo ni a ó ti rí iye owó olúkúlùkù?
3. Nínú ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èwo ni àpò wa ká, kí sì ni ìdí rẹ̀?
4. Èló ni kí a máa yọ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ìpààrọ̀ kọ̀ǹpútà?