Ohun tí Oúnjẹ Ń Ṣe sí Ìlùkìkì Ọkàn

Ìlùkìkì ọkàn nígbà ìsinmi ni iye ìgbà tí ọkàn ń lù láàárín ìṣẹ́jú kan nígbà tí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́ tàbí tí ó dùbúlẹ̀, tí kò ṣiṣẹ́, tí inú kò sì bí i. Ti àgbàlagbà sábà máa ń wà láàárín 60 sí 100, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ẹni tí iṣẹ́ agbára tàbí eré ìdárayá ti mọ́ lára lè rẹlẹ̀ ju 60 lọ láìsí àléébù, nítorí ọkàn tí ó lágbára a máa tú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jáde ní ìlù kan ṣoṣo. Ìfúnpá, ìyẹn agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan, yàtọ̀ sí i. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn lè máa ru kí ìlùkìkì ọkàn rẹ̀ sì wà déédéé.

Kùtùkùtù, kí ènìyàn tó dìde lórí ibùsùn, kí ó sì tó fi ohunkóhun sẹ́nu, ni ó dára jù láti kà á: a ó fi ìka méjì tẹ ọrùn ọwọ́ níhà àtàǹpàkò, a ó sì ka ìlù náà fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Àgbẹ̀ tí ó ti oko dé lálẹ́ ní Ayétòrò, tí ó jẹ àmàlà láfún yó bámúbámú, tí ó sì nà sílẹ̀, lè rò pé òun ti ń sinmi, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ ń bèèrè ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ láti da òkèlè náà, ọkàn rẹ̀ yóò sì máa yára fún wákàtí mélòó kan. Ògógóró tí ó bá tẹ̀ lé e tún lè mú kí ọkàn má rọlẹ̀ bọ̀rọ̀ lóru. Ní ti obì, tí àwọn awakọ̀ ojú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò fi ń lé oorun, kafíìnì inú rẹ̀, èròjà kan náà tí ó wà nínú kọfí, lè mú kí àyà ẹni tí kò mọ́ lára máa lù kìkì, nígbà tí ẹni tí ó ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ lè má rí ìyàtọ̀ kankan.

Fífi oúnjẹ du ara ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ díjú jù. Ẹni tí ó sanra jù, tí ó dín òkèlè kù díẹ̀díẹ̀, tí ó sì ń rìn, ìlùkìkì ọkàn rẹ̀ sábà máa ń rọlẹ̀, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n ebi náà a máa mú un rọlẹ̀. Ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, ní 1944 sí 1945, olùwádìí Ancel Keys àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dín oúnjẹ àwọn ọkùnrin 36 tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn kù sí nǹkan bí ìdajì fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà, títí wọ́n fi pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwúwo ara wọn, tí ìlùkìkì ọkàn wọn sì wálẹ̀ láti nǹkan bí 55 sí nǹkan bí 35. Kì í ṣe pé ọkàn wọn le sí i. Ara tí kò rí oúnjẹ ń ṣọ́ agbára ná ni, òtútù ń mú wọn, ó ń rẹ̀ wọ́n, oúnjẹ nìkan ni wọ́n sì ń rò. Nítorí náà, ìlùkìkì ọkàn 45 ti akẹ́kọ̀ọ́ Ìlaròó tí ó ń mu gàrí lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ kí ó lè fọn, tí òòyì sì ń kọ́ ọ, kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú 45 ti agbábọ́ọ̀lù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà kan náà ni a kà fún àwọn méjèèjì.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Ẹni tí ó ń fi ẹ̀kọ lásán gbé ọjọ́, láìsí ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹran, lè má ní ẹ̀jẹ̀ tó nítorí àìtó èròjà irin, ọkàn a sì máa sáré kí ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lè gbé ọ́síjìn kárí ara. Aláàwẹ̀ tí kò mu omi dáadáa lásìkò sààrì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè rí irú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, pàápàá bí ó bá dìde lójijì. Bí iye náà bá ń kọjá 100 lójoojúmọ́ nígbà ìsinmi, tàbí tí ó rẹlẹ̀ tí òòyì tàbí àárẹ̀ sì bá a rìn, ilé ìwòsàn ni ó kàn, kí aláìsàn sì sọ fún nọ́ọ̀sì ohun tí ó jẹ, ohun tí ó mu, àti oúnjẹ tí ó fò láti ọjọ́ mélòó kan.