Ààrò Mẹ́ta tí Ìjọba Dúró Lé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìjọba orílẹ̀-èdè rí. Ààrò kìíní ni ìwé òfin ìpìlẹ̀, tí ó sọ ẹni tí ó ní àṣẹ àti ibi tí àṣẹ náà mọ. Èkejì ni ilé ẹjọ́, tí ń túmọ̀ òfin nígbà tí àríyànjiyàn bá dé. Ẹ̀kẹta ni agbára ààbò: àwọn ọlọ́pàá, àwọn ọmọ ogun, àti àṣẹ pàjáwìrì tí ìjọba ń lò nígbà tí ìlú bá fẹ́ dàrú. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà láti ọdún 1962 sí 1966 fi hàn bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gbára lé ara wọn.

Òfin ìpìlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn fún Gómìnà ní àṣẹ láti yọ Olórí Ìjọba, bí ó bá hàn sí i pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ Ilé Aṣòfin kò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n òfin náà kò sọ bí yóò ṣe hàn. Ṣé ìbò nínú Ilé ni, tàbí ìwé tí àwọn aṣòfin fọwọ́ sí? Ní oṣù karùn-ún ọdún 1962, àwọn aṣòfin 66 fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò sí lẹ́yìn Olóyè S. L. Akíntọ́lá mọ́. Gómìnà, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, Ọọ̀ni Ifẹ̀, yọ ọ́, ó sì fi Alhaji D. S. Adégbénró rọ́pò rẹ̀. Akíntọ́lá gba ilé ẹjọ́ lọ.

Kí ìdájọ́ tó dé, ìjà ti dé. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, àga ń fò nínú Ilé Aṣòfin ní Ìbàdàn, àwọn ọlọ́pàá sì fi tajútajú tú gbogbo wọn ká. Ní ọjọ́ 29, Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ ní Èkó kéde ìjọba pàjáwìrì. Dókítà M. A. Májẹ̀kódùnmí ni wọ́n yàn láti ṣàkóso Ìwọ̀-Oòrùn títí ọdún náà fi parí. Agbára lè pa ariwo lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n kò lè sọ ẹni tí ipò tọ́ sí.

Ní oṣù keje, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Àpapọ̀ dá Akíntọ́lá láre, ó ní ìbò nínú Ilé nìkan ni ó tọ́. Ó padà sí ipò ní oṣù kìíní ọdún 1963. Adégbénró pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ọbabìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ẹjọ́ Nàìjíríà ń parí sí nígbà náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1963, wọ́n dá a láre pé ìwé náà tó. Ṣùgbọ́n Ilé Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn yára tún òfin náà ṣe, wọ́n sì mú kí àtúnṣe náà ṣiṣẹ́ padà sẹ́yìn. Bí Adégbénró ṣe jàre lásán nìyẹn. Kò rí ipò náà gbà.

Nígbà tí àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí ìbò oṣù kẹwàá ọdún 1965, àwọn tí inú bí kò dúró de ilé ẹjọ́. Wọ́n sun ilé àti ọkọ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966, àwọn ológun dìtẹ̀. Akíntọ́lá wà lára àwọn tí wọ́n pa, ìjọba alágbádá sì wó. Ó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1979 kí ó tó padà.

Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ka ìgbésẹ̀ yíyọ Gómìnà lẹ́sẹẹsẹ ní abala 188. Abala 305 sì sọ pé ìkéde pàjáwìrì tí Ààrẹ bá ṣe yóò di òfo, àfi bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ Ilé Aṣòfin Àgbà àti ti Ilé Aṣojú-ṣòfin bá fọwọ́ sí i. Ó yẹ kí gbogbo ará ìlú mọ èyí pé: kí ìjà tó dé ni a ń la ààlà oko. Òfin tí ó yéni, ìdájọ́ tí tẹrútọmọ ń tẹ̀lé, àti agbára tí ń dúró lẹ́yìn méjèèjì, ni ààbò ìlú.