Kí Ló Máa Dá Lúùpù Yìí Dúró?

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ C ní Abidjan, lórí fóònù àti lórí kọ̀ǹpútà àlòkù tí ẹ rà ní Adjamé, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ̀rọ̀ kan tó ká mi lára. Tí kọ̀ǹpáílà gcc bá kọ "error", gbogbo yín ló ń fara balẹ̀, torí ẹ mọ̀ pé ètò ò ní jáde. Tó bá jẹ́ ìkìlọ̀ ló kọ, "warning", tàbí "avertissement" fún ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń sọ Faransé, ẹ ò ní kà á dé ìdajì. Ètò ti jáde, ó tán. Nígbà tó bá yá, lúùpù á máa yí, kò ní dúró mọ́, fóònù á gbóná, bátìrì á máa tán lọ, ẹ ó sì máa wá ohun tó fà á káàkiri, nígbà tí gcc ti sọ ọ́ fún yín láti òwúrọ̀.

Ẹ wo ètò kékeré tí ọ̀pọ̀ yín kọ́kọ́ ń kọ. Ìyá tó ń ta attiéké fẹ́ máa tẹ owó ọjà rẹ̀ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ètò ro ó pọ̀, kó sì dúró nígbà tó bá tẹ 0. A fi 1 sínú owo kó lè ráyè wọlé, lúùpù sì rèé:

while (owo != 0) {
    scanf("%d", &owo);
    apapo += owo;
}

Ẹ̀yin fúnra yín tẹ 1500, ẹ tẹ 200, ẹ tẹ 0, gbogbo rẹ̀ lọ geerege. Ẹ gbé e fún ìyá. Ìyá tẹ 1.500, bó ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé gbèsè rẹ̀. scanf mú 1, ó kan àmì ìdánudúró, ó dúró síbẹ̀. %d ò lè gba àmì yẹn, kò sì ní jù ú nù. Lúùpù yí padà, scanf tún bá àmì náà níbi tó fi í sí, ó padà lọ́wọ́ òfìfo. Iye tó wà nínú owo ṣì jẹ́ 1. Àpapọ̀ ń fi ọ̀kan lé ọ̀kan lọ láìdúró. Ìyá ń tẹ 0, ó tún ń tẹ 0, àmọ́ ẹ̀yìn àmì yẹn ni gbogbo 0 rẹ̀ ń tò sí. Kò sẹ́ni tó máa kà wọ́n.

Lórí Ubuntu, tí ẹ bá fi -O2 kún àṣẹ gcc, yóò kọ ọ́ síwájú yín pé "ignoring return value of 'scanf'". Ìlà yẹn ò dárúkọ lúùpù rárá, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń fò ó. Ṣùgbọ́n èsì tí ẹ pa tì yẹn ni scanf fi ń jíṣẹ́ fún yín: 1 tó bá rí nọ́ńbà kà, 0 tí ohun tó bá níbẹ̀ kì í bá ṣe nọ́ńbà, EOF tí kò bá sí nǹkan mọ́. Ẹ fi fgets gba gbogbo ìlà tí ìyá tẹ̀, kí ẹ sì fi strtol wò ó. Strtol á fi ibi tí nọ́ńbà parí sí hàn yín. Tí nǹkan bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn rẹ̀ yàtọ̀ sí àmì òpin ìlà tí fgets ń gbà mọ́ ọn, ẹ sọ fún ìyá kó tún un tẹ̀. Mo ti rí àwọn tó kàn fi òǹkà kan há inú lúùpù pé tó bá yí dé ìgbà 100, break. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ètò dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó tó kọ jáde, irọ́ ni, ìyá sì máa fi ra ọjà.

-Wall àti -Wextra ni kí ẹ máa fi kún àṣẹ gcc láti ìlà àkọ́kọ́. Orúkọ -Wall ń tan ènìyàn, kò kó gbogbo ìkìlọ̀ dání. Ẹ kọ for (unsigned i = 10; i >= 0; i--), kí ẹ sì wò ó. unsigned ò mọ ohun tó kéré ju 0 lọ. Tí i bá kúrò ní 0, 4294967295 ló ń bọ́ sí. -Wall kò ní sọ nǹkan kan. -Wextra ló máa sọ pé òótọ́ ni àfiwé yẹn nígbà gbogbo. Ẹ̀yin tó ń kọ ètò lórí fóònù, ẹ má fi char gba èsì getchar, int ni kí ẹ lò. -1 ni EOF, char orí fóònù Android oníṣẹ́ ARM kò sì gba nọ́ńbà tó kéré ju 0 lọ. Lúùpù tó dúró dáadáa lórí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ yín kò ní dúró lọ́wọ́ yín.

Kọ̀ǹpáílà ò lè rí gbogbo rẹ̀ ṣá. Onímọ̀ ìṣirò Alan Turing ti fi hàn ní 1936 pé kò sí ètò kan tó lè yẹ gbogbo ètò yòókù wò kó sì sọ èyí tó máa dúró. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan: ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2008, ẹ̀rọ orin Zune ti Microsoft, irú èyí tó ní 30GB, dákú káàkiri ayé. Lúùpù kan nínú rẹ̀ ń yọ iye ọjọ́ ọdún kọ̀ọ̀kan kúrò níwọ̀n ìgbà tí ọjọ́ bá ju 365 lọ. Tó bá jẹ́ ọdún tó ní 366 ọjọ́, kò ní yọ ọ́ àfi tí ọjọ́ bá ju 366 lọ. Ọjọ́ yẹn gan-an ló pé 366. Kò yọ ọ́, kò sì jáde. Kò sí ìkìlọ̀ tí ì bá sọ ìyẹn.

Turing kan náà ló fún wa ní ọgbọ́n rẹ̀ ní 1949: kí ẹni tó kọ ètò tọ́ka sí iye kan tó ń dín kù ní gbogbo ìgbà tí lúùpù bá yí, títí tí kò fi ní lè dín mọ́. Ẹ bi lúùpù yín léèrè: kí ló ń dín kù níbí? Ẹ tọ ipa if kan àti else kan lọ, ẹ má dá ọ̀kan sí. Ipa kan ṣoṣo ni iye náà ò ti dín nínú Zune.

Tí lúùpù bá ti há, ẹ má pa kọ̀ǹpútà. Ẹ fi -g kún àṣẹ gcc, ẹ gbé ètò náà sínú gdb, irinṣẹ́ tí a fi ń wá àṣìṣe, ẹ jẹ́ kó sáré, ẹ tẹ Ctrl+C, ẹ kọ bt. Ìlà tó ń yí á hàn sí yín, ẹ ó sì lè wo iye tó yẹ kó máa dín. Tí kò bá tíì yé yín, ẹ mú gbogbo ohun tí gcc kọ wá bá mi láti òkè, torí àṣìṣe àkọ́kọ́ ló sábà ń bí àwọn yòókù.