Àkókò Tí Ó Yẹ Láti Kun Pákó Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tuntun

Kò sí iṣẹ́ tí kò ní àkókò tirẹ̀. Àgbẹ̀ kì í gbin àgbàdo sínú ọ̀gbẹlẹ̀ kí ó sì máa retí ìkórè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kò yẹ kí ẹni tí ó tẹ́ pákó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé rẹ̀ kùn ún ní ọ̀dà ní ọjọ́ náà gan-an tí gbẹ́nàgbẹ́nà kan ìṣó ìkẹyìn. Ẹni tí ó bá kánjú bẹ́ẹ̀ lè fi owó kòkó rẹ̀ ṣòfò.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Omi púpọ̀ ń bẹ nínú igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Bí a bá fi ọ̀dà bò ó, omi náà yóò wá ọ̀nà àtijáde nígbà tí oòrùn bá mú. Ọ̀dà yóò wú, yóò sì bó. Ibi tí ó bó ni òjò yóò gbà wọlé, igi yóò sì máa jẹrà lábẹ́ ohun tí ó ń dán lójú. Irú pákó bẹ́ẹ̀ a máa tan ẹsẹ̀ àgbàlagbà jẹ.

Ọ̀nà méjì ni a fi lè mọ igi tí ó gbẹ. Èkíní, kí a mú àgékù pákó kan náà, tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 2, kí a fi ọ̀dà dí orí rẹ̀ méjèèjì, nítorí orí igi a máa yára gbẹ ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Kí a fi í sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí òjò kò lè dé, kí a máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá ń fúyẹ́ sí i, omi ṣì ń jáde. Nígbà tí ìwọ̀n rẹ̀ bá dúró lójú kan fún ọ̀sẹ̀ 3, ó ti gbẹ tó.

Èkejì, kí a kán omi sórí pákó. Bí igi bá fà á mu láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò gba òróró tàbí ọ̀dà. Bí omi bá dúró bí ìrì lórí ewé kókò, igi kò tíì gbẹ, tàbí ojú rẹ̀ dán jù. Èyí tí ó dán jù ni kí a fi pépà yanrìn ha. Kí a sì fi aṣọ bo imú, nítorí ẹ̀búnú ìrókò a máa yọ imú àti ara lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n kí sùúrù má ṣe di ọ̀lẹ. Igi gbígbẹ tí a fi sílẹ̀ fún oòrùn àti òjò, ojú rẹ̀ yóò di bí eérú, ọ̀dà kì yóò sì dì í mú dáradára. Èyí tí ó dára jù ni pé kí a jẹ́ kí pákó gbẹ lábẹ́ àtíbàbà, kí a kun ẹ̀yìn àti orí rẹ̀ kí a tó kàn án, kí a sì kun ojú rẹ̀ láìpẹ́ lẹ́yìn náà.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni ó rọrùn jù. Kí a bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìrì bá ti gbẹ, kí a yẹra fún oòrùn ọ̀sán gangan àti ọjọ́ tí eruku ọyẹ́ ń fẹ́. Ìkùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ 2 sàn ju ọ̀kan tí ó nípọn lọ. Àkísà tí a fi nu òróró linseed lè gbiná fúnra rẹ̀ bí a bá ká a jọ. Nítorí náà, kí a tẹ́ ẹ síta kí ó gbẹ, tàbí kí a rì í sínú omi.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ó bá dúró de igi, igi náà yóò dúró tì í pẹ́.