Ìdàrọ́ Kì í Ṣe Pàǹtí

Bí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò bá fẹ́ dárúkọ ohun tó ń ṣẹ́kù ní iléeṣẹ́ irin, "pàǹtí iléeṣẹ́" ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á wá fi kún un pé àwọn onímọ̀ ń fi pàǹtí yìí mú amọ̀ rírọ̀ le, kí àgbàrá má baà wọ́ ọ lọ. Ta ni yóò gbà á gbọ́? Ohun tí a gbá dànù là ń pè ní pàǹtí. Ìdàrọ́ lorúkọ nǹkan yìí. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sun irin ni, àwọn tí D.A.A. Adéníjì kọ ìwé nípa iṣẹ́ wọn ní 1977, Iṣẹ́ Irin Wíwà àti Sísun ní Ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí irin òkèèrè kún ọjà, iléru kógbá sílé, ọ̀rọ̀ náà sì dákẹ́ lẹ́nu èwe. Àmọ́ òkìtì ìdàrọ́ ṣì ni awalẹ̀pìtàn fi ń mọ ibi tí wọ́n ti sun irin rí.

Ẹlòmíràn lè ní ti àtijọ́ kọ́ ni ti òde òní. Lóòótọ́, ìdàrọ́ àtijọ́ wúwo, irin pọ̀ nínú rẹ̀, kò sì lè di amọ̀ mú. Lóde òní, òkúta ẹfun ni wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ òkúta irin nínú iléru. Ìdàrọ́ á léfòó sórí irin tó yọ́, wọ́n á dà á sọ́tọ̀, wọ́n á fi omi tútù pa á lójijì, wọ́n á sì lọ̀ ọ́ kúnná. Tí wọ́n bá pò ó mọ́ amọ̀ pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì díẹ̀ tó ń ta á jí, òun àti omi inú amọ̀ á ṣiṣẹ́ pọ̀, á so amọ̀ náà pọ̀ títí yóò fi le, tí omi kò fi ní rọrùn láti ṣí i. Síbẹ̀, ibi tí nǹkan ti wá ló fún un lórúkọ. Eérú igi àti eérú èédú kò rí bákan náà, eérú ni méjèèjì ń jẹ́. Ohun tó bá yà kúrò lára irin nínú iná, ìdàrọ́ ni.

Ibì kan wà tí mo gbà fún wọn, ìyẹn ni bí wọ́n ṣe ń pe kòtò tí àgbàrá gbẹ́ ní ọ̀gbàrá. Omi òjò tó ń ṣàn ni ọ̀gbàrá, kì í ṣe kòtò tó gbẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé ti ń fi pe kòtò náà, àṣìlò yẹn ti borí. Àṣìlò pàǹtí fún ìdàrọ́ kò tíì borí. Àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ẹ pe ìdàrọ́ ní ìdàrọ́.