Àbẹ̀kẹ́, Ta Ló Ní Kí O Dà Á Nù?

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mi ò fẹ́ bá ọ wí lálẹ́ àná nígbà tí o ń sunkún sí mi létí lórí fóònù. Ilẹ̀ ti mọ́ báyìí, o ti sùn, o sì ti jẹun. Ó yá, ta ló ní kí o da ubiquitin yẹn nù?

O ní o gbàgbé túúbù méjì sórí tábìlì láàbù mọ́jú, purotéènì kékeré tó ń jẹ́ ubiquitin nínú ọ̀kan, ẹ́ńsáìmù E1 nínú èkejì. O dé láàárọ̀, àyà rẹ já, o da ubiquitin nù, o gbé E1 padà sórí yìnyín. O wá ṣí ubiquitin tuntun, o pò wọ́n pọ̀, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Háà! Èyí tó lágbára lo dà nù, ẹlẹgẹ́ lo tọ́jú. Owó ńlá ni wọ́n fi ra nǹkan wọ̀nyẹn, Àbẹ̀kẹ́.

Ṣé o ti gbàgbé bí wọ́n ṣe rí ubiquitin ni? Ní Haifa, ní Ísírẹ́lì, Avram Hershko àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Aaron Ciechanover, ń wá ohun tó ń mú kí purotéènì jẹrà nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ehoro. Hemoglobin pọ̀ nínú omi tí wọ́n yọ lára sẹ́ẹ̀lì náà, ó bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Ni wọ́n bá gbé e kaná. Hemoglobin dì, ó wálẹ̀ bí ẹrẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá sì wà nínú omi tó mọ́ lókè, agbára rẹ̀ kò dín. Wọ́n kọ ọ́ jáde ní 1978. Ní 1980 ni wọ́n tó mọ̀ pé ubiquitin ni. Àwọn méjèèjì àti Irwin Rose ará Amẹ́ríkà ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì ní 2004. Iná kò ba nǹkan yìí jẹ́, òru kan lórí tábìlì rẹ kọ́ ló máa bà á jẹ́. Bí o bá ń ṣiyèméjì, ò bá ti bù díẹ̀ nínú rẹ̀ wò lórí jẹ́ẹ̀lì kí o tó dà á nù.

Tìrẹ kì í sì í ṣe ti ehoro. Jíìnì èèyàn ni wọ́n gbìn sínú bakitéríà E. coli tí ó fi bá wọn ṣe é, amino acid 76 péré. Bakitéríà yẹn kò ní ubiquitin tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí ohun tí wọ́n yọ lára rẹ̀ fi jẹ́ ti èèyàn nìkan.

Sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ kì í sáré da nǹkan nù. E1 á kọ́kọ́ fi ATP jí ubiquitin, á gbé e lé ẹ́ńsáìmù E2 lọ́wọ́. Ẹ́ńsáìmù E3 ni alárinà, òun ló mọ purotéènì tó yẹ kí wọ́n gbé e fún, irú E3 bẹ́ẹ̀ sì lé ní 600 lára èèyàn. Wọ́n á so ubiquitin mọ́ra wọn níbi lysine 48. Bí ẹ̀wọ̀n náà bá ti tó mẹ́rin, proteasome á gba purotéènì náà wọlé, á gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ubiquitin á sì padà wá, bí abọ́ tí a fi gbé oúnjẹ fún aládùúgbò: wọ́n jẹ oúnjẹ, wọ́n fọ abọ́, wọ́n dá a padà. Nítorí ọ̀nà yìí ni bortezomib ṣe wà, oògùn tó ń dí proteasome lọ́wọ́, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2003 fún jẹjẹrẹ inú mùdùnmúdùn eegun. Iṣẹ́ tó lè gba ẹ̀mí èèyàn là lo dáwọ́ lé, ọmọ mi. Mo sì mọ̀ pé o lè ṣe é.

Gba E1 mìíràn. Pín in sí túúbù kéékèèké, kọ ọjọ́ sí i lára, fi í sínú fírísà −80, ìwọ̀n tí o máa lò nìkan ni kí o yọ sórí yìnyín. Ṣe ọ̀kan tí kò ní ATP pẹ̀lú, kí o lè mọ òótọ́. Bí jẹ́ẹ̀lì náà bá ti jáde, pè mí, bó ti wù kó pẹ́ tó. Má sì da ohunkóhun nù kí n tó rí àwòrán rẹ̀.